Gèlè Lórí Ọkùnrin: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Nípa Bí Àwàdà Tẹlifíṣàn Ṣe Ń Ṣàfihàn Àwọn Gay

Lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ní ọ̀sán Sátidé, àwọn ọ̀dọ́ bíi méjìlá máa ń kóra jọ sínú yàrá kan tí mo háyà ní Ìjàpọ̀, ní Àkúrẹ́, láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ àwàdà kéékèèké. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ FUTA, àwọn kan ń wọkọ̀ wá láti Oǹdó, ọ̀kan sì jẹ́ télọ̀ tó máa ń dé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Kò sí ìjókòó kan tí ọ̀rọ̀ àwọn gay kì í yọjú, torí kò sí ìgbà tí ẹnì kan ò ní gbé eré wá tí ọkùnrin kan ti ń jùdí nínú rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí léraléra. Ó sú mi láti máa tún un sọ, ni mo bá kọ wọ́n sílẹ̀ síbí.

Kí lẹ ń pè ní àwàdà kéékèèké gan-an?

Eré ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́fà, tó ní ìdí kan ṣoṣo tó fi ń pani lẹ́rìn-ín, tí yóò sì ti parí kí ẹ tó yí ìdí padà lórí àga. Skit ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè é. Ó yàtọ̀ sí eré alápá púpọ̀, níbi tí ẹ ti ń rí bàbá kan náà àti ìyàwó rẹ̀ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìyàtọ̀ yẹn ló bí gbogbo wàhálà tá a fẹ́ sọ. Ẹni tó ń kọ eré alápá púpọ̀ ráyè jẹ́ kí ẹ mọ ènìyàn. Onískit kò ráyè. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ló ní láti fi hàn yín pé irú ẹni báyìí ni èyí, ohun tó bá sì wà lárọ̀ọ́wọ́tó ni yóò mú: àdá lẹ́jìká fún àgbẹ̀, ikùn bàǹbà fún ọlọ́pàá, ọwọ́ tó rọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí oòrùn pa fún gay. Kì í ṣe ìkà ló máa ń fà á nígbà gbogbo. Ìkánjú ni. Àmọ́ ẹni tí wọ́n fi ìkánjú ya àwòrán rẹ̀ ló ń gbé àwòrán náà kiri àdúgbò.

Orúkọ wo ni ká máa pè wọ́n?

Gay là ń pè é lọ́dọ̀ mi, torí tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n, kò sì ní èébú nínú. Ẹni tó bá fẹ́ Yorùbá pọ́ńbélé lè sọ pé ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó yéni. "Họ́mọ̀" ti di òkò lẹ́nu àwọn ọmọ ojú títì. "Adódìí" àti "adófùrọ̀" ò tiẹ̀ díbọ́n pé orúkọ làwọn, èébú ni. Tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bá ti pa gbogbo yàrá lẹ́rìn-ín kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí lẹ̀yin wá kọ?

Ṣé kì í ṣe òyìnbó ló kó irú àwàdà yìí wá bá wa?

Òyìnbó ló ni ẹ̀rọ. WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn lọ́dún 1959, kò sì pẹ́ tí Moses Ọláìyá, Baba Sala wa, fi gorí rẹ̀ pẹ̀lú táì ńlá àti awò ojú gàgàrà. Ṣùgbọ́n kéèyàn máa sín ẹlòmíràn jẹ kí ará ìlú lè rẹ́rìn-ín, tiwa ni láti ilẹ̀ wá. Nígbà tí Hugh Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé lọ́dún 1826, àwọn alárìnjó ṣeré fún un níwájú Aláàfin. Wọ́n gbé ẹ̀dá funfun kan jáde, ó gbẹ bí igi, òtútù ń pa á, ó ń tẹ ilẹ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀rù ẹ̀gún. Òyìnbó fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń sín jẹ lójú ara rẹ̀! Tápà wà nínú eré alárìnjó, ọ̀mùtí wà níbẹ̀, aṣẹ́wó náà wà níbẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ ti ọkùnrin tó múra bí obìnrin, ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kà mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé pàtàkì aráyé lọ́dún 2001. Ọkùnrin ló ń gbé e, wọ́n á di ìdí, wọ́n á so ọmú igi mọ́ àyà, wọ́n á máa fi ijó bu ọlá fún àwọn ìyá wa. Alẹ́ tó ṣáájú ijó náà ni wọ́n ń pè ní òru Ẹ̀fẹ̀, níbi tí akọrin ti ń fi orin tú àṣírí àwọn tó hùwà ìbàjẹ́ nílùú. Ẹ̀fẹ̀ tí à ń pe àwàdà lónìí, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ṣì ti ń dún. Mi ò tíì gbọ́ pé ẹnì kan nà ka sí oní-Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé gay ni.

Kí ló dé tí ọkùnrin tó wé gèlè fi ń pa wá lẹ́rìn-ín, tí obìnrin tó dé fìlà kì í pa wá lẹ́rìn-ín?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ọmọ Àkúrẹ́ ló sì yẹ kó dáhùn rẹ̀.

Tí Déjì bá wàjà, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló máa ń di adelé títí wọn yóò fi yan ọba tuntun. Láti 2013, lẹ́yìn Ọba Adébíyì Adéṣidà, títí di 2015 tí Ọba Aládétóyìnbó gorí ìtẹ́, Ọmọba Adétutù Adéṣidà ló wà níbẹ̀. Aṣọ ọkùnrin ni adelé ń wọ̀. Ó ń dé fìlà, ó ń wọ agbádá, àwọn ìjòyè tó jù ú lọ lọ́jọ́ orí sì ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ti dúró nínú èrò nígbà tí adelé ń kọjá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń kí i ní Kábíyèsí, wọ́n sì ń kí i tinútinú.

Ẹ wá gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ẹ fún un ní gèlè àti ìró, ẹ jẹ́ kó gba Adéṣidà Road kọjá sí Ọjà Ọba. Kó tó dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àkọ́kọ́, èrò á ti tẹ̀ lé e.

Aṣọ ni méjèèjì pààrọ̀. Kí ló wá fa ìyàtọ̀? Èrò mi ni pé obìnrin tó wọ agbádá, òkè la kà á sí pé ó gùn. Ọkùnrin tó wé gèlè, ìsàlẹ̀ la kà á sí pé ó já sí, ẹ̀rín wa sì fẹ́ràn ẹni tó ṣubú ju ẹni tó gòkè lọ. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ pé ohun tí a ń pè ní àwàdà gay, lọ́pọ̀ ìgbà kò sí gay kankan nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó já sí ipò obìnrin ló wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀ gan-an ni èmi tí mo ni gèlè. (Gèlè mi sì ni wọ́n máa ń yá, ẹ ò mọ̀. Wọ́n á dá a padà pẹ̀lú àtíkè lára.)

Ṣé ọmọkùnrin tó ń ṣe ìyá rẹ̀ nínú skit ń ṣe gay nìyẹn?

Rárá. Ìyá rẹ̀ ló ń ṣe. Ẹ wo bí àwọn ẹ̀dá tó kù ṣe ń bá a sọ̀rọ̀: tí wọ́n bá ń pè é ní Màmá, tí wọ́n ń sá fún ìpàṣán ọwọ́ rẹ̀, màmá ni.

Báwo ló ṣe rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ṣe púpọ̀ rẹ̀?

Rédíò ni ẹ jẹ́ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1965 sí 1968, BBC ń gbé ètò kan tó ń jẹ́ Round the Horne jáde lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Nínú rẹ̀, Kenneth Williams àti Hugh Paddick ń ṣe Julian àti Sandy, ọ̀rẹ́ méjì tí ẹnikẹ́ni kò pè ní gay, tí gbogbo ẹni tó létí sì mọ̀. Polari ni wọ́n máa ń fọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ wọn, èdè ìkọ̀kọ̀ tí àwọn gay fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí àjèjì má baà gbọ́. Ẹ rántí ẹnà tí àwa náà ń fọ̀ nílé ìwé kí tíṣà má mọ ohun tí à ń wí. Irú rẹ̀ ni. Bàbá, ìyá àtọmọ jókòó ti rédíò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ẹ̀wọ̀n ni òfin pèsè fún ohun tí àwọn méjèèjì ń fi ọgbọ́n sọ. Ọdún 1967 ni òfin yẹn tó yí padà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, fún ọkùnrin tó ti pé ọmọ ọdún 21, ní ìkọ̀kọ̀. Àwàdà ló kọ́kọ́ wọlé, òfin tẹ̀ lé e.

Lórí tẹlifíṣàn, Dick Emery ní ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Clarence, aṣọ rẹ̀ ń tàn yòò, ohùn rẹ̀ ń fà. Nǹkan kan náà ni ní gbogbo ìgbà, mi ò sì ní fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀.

Ẹni tó wù mí kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Graham Chapman, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà tó ṣe ètò skit tó ń jẹ́ Monty Python's Flying Circus láàárín 1969 sí 1974. Gay ni, dókítà ni, kò sì fi pamọ́. Wọ́n máa ń sọ ìtàn obìnrin kan tó kọ̀wé sí wọn pé òun gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ gay, pé Bíbélì ní kí wọ́n sọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní òkò pa. Eric Idle kọ èsì padà pé àwọn ti rí ẹni náà, àwọn sì ti pa á. Ẹ wo ibi tí ẹ̀rín já sí. Chapman kọ́ ni wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Little Britain ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London sọ pé ó burú.

Ó burú níbì kan, ó dára níbòmíì. BBC gbé e jáde lórí tẹlifíṣàn láti 2003. Nínú rẹ̀, Matt Lucas, tí òun náà jẹ́ gay, ń ṣe Daffyd, ọmọkùnrin abúlé kan ní Wales tó ń wọ aṣọ rọ́bà tó fún pinpin, tó ń pariwo pé òun nìkan ni gay tó wà ní abúlé náà. Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìyá tó ń ta ọtí ń kí i tayọ̀tayọ̀, gay mìíràn ń wọlé wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, inú sì ń bí Daffyd torí ó fẹ́ máa jìyà, wọn ò sì fi ìyà jẹ ẹ́. Ìyẹn ni àwàdà gidi: ẹ̀dá tí ohun tó gbà gbọ́ nípa ara rẹ̀ kò bá ohun tó wà lójú mu. Baba Sala pàápàá, irú rẹ̀ ló ń ṣe, ahun tó gbà pé olówó lòun.

Ṣùgbọ́n aṣọ yẹn àti ìrìn yẹn ni àwọn ọmọ ilé ìwé mú lọ. Ọ̀nà tí eré gbà yí èrò padà, wọn ò rí i. Lọ́dún 2020, BBC àti Netflix yọ ètò náà kúrò lórí pẹpẹ wọn. Kì í ṣe torí Daffyd, torí pé àwọn òṣèré náà kun ojú dúdú láti ṣe aláwọ̀ dúdú ni.

Amẹ́ríkà wá ńkọ́?

Èyí kàn wá ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, torí pé aláwọ̀ dúdú wà nínú rẹ̀. In Living Color, ètò Keenen Ivory Wayans lórí Fox láti 1990 sí 1994, ní eré kan tí Damon Wayans àti David Alan Grier ti ń ṣe ọkùnrin méjì tó ń dájọ́ fíìmù. Tí obìnrin bá wà nínú fíìmù, wọ́n á yínmú. Tí ọkùnrin bá wà níbẹ̀, wọ́n á ta ìka lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Ó pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín gan-an, ó sì pa èmi náà lẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i. Mi ò ní parọ́. Marlon Riggs, aláwọ̀ dúdú tó ń ṣe fíìmù, tí òun náà jẹ́ gay, kọ̀wé tako irú àwòrán yẹn pẹ̀lú ìbínú. Ohun tó ń dùn ún yé mi: nígbà yẹn, ta ni aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ gay lè tọ́ka sí lórí tẹlifíṣàn pé èmi nìyí? Àwọn méjì yẹn ni, àwọn tí kì í ṣe gay ló sì ń ṣe wọ́n.

Ẹ fi wé Scott Thompson ní Kánádà, nínú The Kids in the Hall, tó bẹ̀rẹ̀ lórí CBC lọ́dún 1989. Ó ní ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Buddy Cole, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ohùn rẹ̀ ń fà, ife ọtí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú, ó jọ Clarence bí ìbejì. Ṣùgbọ́n Buddy Cole ló jókòó, tó ń sọ̀rọ̀, tó ń fi gbogbo ayé ṣe ẹlẹ́yà, ẹ̀yin lẹ̀ ń sá fún ẹnu rẹ̀. Gay ni Thompson. Nígbà tí mo fi méjèèjì han àwọn ọmọ, ọ̀kan nínú wọn ní: "Àǹtí, ti èkíní, wọ́n ń wò ó. Ti èkejì, òun ló ń wò wá." Mi ò tíì gbọ́ àlàyé tó dára tó ìyẹn.

Saturday Night Live, tó ti wà láti 1975, gba Terry Sweeney lọ́dún 1985. Gay ni, kò sì fi pamọ́, ọdún kan péré ló lò. Kate McKinnon dé ní 2012, Bowen Yang wọ inú ẹgbẹ́ òṣèré ní 2019, gay làwọn náà. Látìgbà náà ni ẹ ti ń rí skit tí ẹ̀dá kan jẹ́ gay nínú rẹ̀, tí ẹ̀rín sì dá lórí pé ọkọ̀ òfuurufú pẹ́.

Èwo ni kí n lọ wò tí mo bá fẹ́ wo ẹyọ kan péré?

Ti Key and Peele, ètò aláwàdà méjì kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣe láàárín 2012 sí 2015. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan jẹ́ gay, ó ń sọ ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ò lè ṣiṣẹ́. Tí onítọ̀hún bá ti bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́, á ní ó kórìíra gay. Ọjọ́ ń lọ, ọ̀rẹ́kùnrin ẹni tó ń ráhùn wá mú un. Òun náà ni gay! Alárìíwo wá dúró sójú kan, ó yé e pé kò sẹ́ni tó ń ṣe inúnibíni sí òun, òun kàn jẹ́ aláìmọ̀wà-á-hù ni. Ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀dá méjì, àwọn méjèèjì jẹ́ gay, wọn ò sì jọra. Ìyẹn nìkan ló kọ́ mi ju ìwé mẹ́ta lọ.

Nàìjíríà ńkọ́? Kí lòfin sọ?

Mi ò kì í ṣe lọ́yà. Èyí tó wà nílẹ̀ ni pé Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó tako ìgbéyàwó akọ sí akọ àti abo sí abo ní oṣù Kìíní ọdún 2014. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10 ni fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, tàbí tó bá ń fi ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, ní tààrà tàbí ní ẹ̀bùrú. Kí òfin yẹn tó dé rárá, òfin ìwà ọ̀daràn tí ìjọba òyìnbó fi sílẹ̀ ní gúúsù ti ní ẹ̀wọ̀n ọdún 14 nínú. Ibẹ̀ ni ìdáhùn gidi sí ìbéèrè ohun tí òyìnbó kó wá bá wa wà.

Òfin 2014 ò dárúkọ àwàdà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "ní ẹ̀bùrú" yẹn ló ń dẹ́rù ba àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn, nítorí àjọ NBC tó ń ṣàkóso wọn lè fìyà jẹ wọ́n. Àbájáde rẹ̀ yani lẹ́nu: gay tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ń kọjá láìsí ìṣòro, gay tó kàn ń jẹ iyán lọ́wọ́ alẹ́ ló ń di wàhálà.

Lọ́dún 2022, àbá òfin kan dé Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, tó fẹ́ fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn 500,000 náírà jẹ ọkùnrin tó bá wọ aṣọ obìnrin, tàbí obìnrin tó bá wọ aṣọ ọkùnrin. Kò di òfin. Ẹ̀yin tó ń ṣeré, ẹ gbọ́: àbá náà yọ àwọn tó ń ṣe é lórí ìtàgé àti fún ìdárayá aráàlú sílẹ̀. Àwọn aṣòfin gan-an mọ̀ pé tí wọ́n bá gba gèlè lọ́wọ́ àwọn aláwàdà, ilé á dákẹ́ lálẹ́.

Ṣé eré lásán kọ́ ni? Ta ló ti fi kú rí?

Lọ́dún 2016, Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, gbé ìwádìí jáde lórí ohun tí òfin 2014 ti dá sílẹ̀, wọ́n sì rí lílù, ìgbowó-lọ́wọ́-ẹni àti èrò tó ń ya wọlé onílé. Skit kọ́ ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, mo kọ skit kan fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan tí mi ò ní dárúkọ. Télọ̀ kan ló wà nínú rẹ̀. Mo ní kó máa rìn bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bẹ̀rù ilẹ̀, kó máa mú téèpù bí ẹni mú ìrùkẹ̀rẹ̀, mo sì kọ gbólóhùn kan fún un tó ń sọ sí gbogbo oníbàárà ọkùnrin: "Ẹ yí padà kí n rí ẹ̀yìn." Mi ò pe ẹ̀dá yẹn ní gay. Ẹ wò ó, mo rò pé mo gbọ́n. Àwọn ẹlẹ́rọ̀ rẹ́rìn-ín títí kámẹ́rà fi ń mì. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà.

Télọ̀ tó ń rán aṣọ fún mi nígbà náà wà ní Arákàlẹ̀. Ohùn rẹ̀ tinrín, ọwọ́ rẹ̀ yá, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó níyàwó, ó bímọ mẹ́ta, kó má di pé ẹ ń ṣe kàyéfì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kí n máa sọ ìyẹn rárá. Lẹ́yìn tí skit náà jáde lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ ń jáde nílé ìwé, wọ́n á dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: "Ẹ yí padà kí n rí ẹ̀yìn!" Àwọn oníbàárà ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìyàwó wọn wá gba aṣọ. Lọ́jọ́ kan mo débẹ̀, ìdajì ṣọ́ọ̀bù ti ṣófo. Ó ní òun ń lọ sí Ọ̀wọ̀. Kò mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́. Mo san owó aṣọ mi, mo gba ṣéńjì, mi ò sì lè sọ fún un.

Mo gba ṣéńjì. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Pásítọ̀ mi ní ká má tilẹ̀ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ gbọ́ràn sí pásítọ̀ yín, kó sì jẹ́ ní kíkún. Ṣọ́ọ̀ṣì ni èmi náà ń lọ, mi ò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kọ́ ìsìn ní Ìjàpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ eré ṣọ́ọ̀ṣì ló máa ń kọ́kọ́ gbé ọkùnrin ajùdí jáde lọ́jọ́ ìkórè láti fi ṣe Sódómù, ìjọ á sì rẹ́rìn-ín títí wọn ò fi ní gbọ́ ẹsẹ Bíbélì tó tẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí ń pani lẹ́kún ni, kí ló dé tó fi di ohun tí a fi ń tú ara ká?

Obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ńkọ́?

Ẹ ò lè rí wọn. Nínú skit wa, wọ́n wà ní ọ̀nà méjì: ọ̀gá ọ́fíìsì tó gé irun tó ń kígbe, tàbí ọmọge méjì tí kámẹ́rà ń wò bíi pé ọkùnrin ló mú un dání. Ìdí kan náà tí mo sọ nípa adelé ló wà ńbẹ̀: obìnrin tó ṣe bí ọkùnrin kò já sí ìsàlẹ̀, aláwàdà ò rí ibi tó máa tì í ṣubú sí, ó bá fi í sílẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé kéèyàn má fi ọ́ ṣe àwàdà sàn. Nígbà mìíràn mi ò rò bẹ́ẹ̀.

Ṣé dandan ni kó jẹ́ gay ló máa ṣe gay?

Ní London tàbí Toronto, wọ́n lè máa jiyàn lórí ìyẹn. Ní Àkúrẹ́, ẹ má bi òṣèré kankan ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bi í níwájú yín.

Mo fẹ́ kọ ọ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ kọ ọ́ tán ná. Kí ẹ wá yọ ìrìn kúrò, ẹ yọ ohùn kúrò, ẹ yọ aṣọ kúrò, ẹ jẹ́ kí ẹ̀dá náà wọ ṣáátì funfun kó jókòó sórí àga oníke. Ṣé ó ṣì ń pani lẹ́rìn-ín? Bí kò bá pani lẹ́rìn-ín mọ́, ẹ ò tíì kọ nǹkan kan; ijó lẹ kọ sílẹ̀.

Ìkejì, ẹ wádìí ohun tí ẹ̀dá náà ń wá. Kì í ṣe ẹni tó ń fẹ́. Kí ló ń wá láàárọ̀ yìí? Gáàsì ti tán, báńkì ti mú un bínú, onílé ń kanlẹ̀kùn. Ọkùnrin tí onílé ń lé kiri ń pani lẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni tó wù kó máa fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún ẹ̀dá tó ń ṣe Hausa, ẹ̀dá tó ń ṣe Ìjẹ̀bú, ẹ̀dá tó ń ṣe ará Oǹdó pẹ̀lú èdè wa tí àwọn ará Èkó máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé èdè Oǹdó dé Èkó rí, ẹ mọ bó ṣe ń rí lára kí wọ́n ti máa rẹ́rìn-ín kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ fẹ́ rà.

Ṣé ẹ máa gba eré bẹ́ẹ̀ tí mo bá gbé e wá?

Mo gba ọ̀kan ní oṣù tó kọjá. Ọmọ wa télọ̀, ẹni téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ló kọ ọ́. Mo ti sọ ìtàn Arákàlẹ̀ fún wọn, ó gbọ́ ọ, kò wí nǹkan kan, ó lọ sílé.

Nínú eré tirẹ̀, bàbá kan wá dá agbádá. Télọ̀ ń wọn èjìká rẹ̀, bàbá ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé o ti níyàwó?" Télọ̀ kọ nǹkan sínú ìwé. Ó wọn apá. "Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́? Àwọn ẹgbẹ́ ẹ ti níyàwó." Ó tún kọ. Ó wọn ọrùn. "Kí ló dé tóhùn ẹ rí báyìí?" Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń wọn, ó ń kọ, kò dáhùn, kò jùdí, kò ju ọwọ́. Nígbà tó parí, ó ya ìwé, ó nà án sí bàbá. Bàbá kà á: iṣẹ́ ọwọ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òwú àti bọ́tìnnì, ẹgbẹ̀rún méjì. Ìbéèrè mọ́kànlá, ìkọ̀ọ̀kan ẹgbẹ̀rún márùn-ún.

Bàbá lanu. "Kí ni mo bi ẹ́ tó tó mọ́kànlá?"

Télọ̀ mú bírò, ó fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún kún un.